Ẹ̀yìn Kò Ṣe é Dá Fọ̀

Núrù, pa fóònù yẹn. Mo ní kí o pa á! Mo ti rí òyìnbó tó jókòó sínú ọpọ́n yìnyín, mo ti rí eyín rẹ̀ tó ń gbá ara wọn, mo sì ti gbọ́ bí ẹ ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni tó pa ẹkùn. Ẹ ní àṣà tuntun ni. Ẹ ní láti ọ̀la lọ, láràárọ̀ ni ẹ ó máa fi omi tútù wẹ̀, kí ara yín lè le, kí ọpọlọ yín lè jí pépé. Ìwọ Núrù, ọmọ Tájù ọmọ mi. Ìwọ Ṣẹrifá, ọmọ Gàníù tí í ṣe ẹ̀gbọ́n Tájù. Àti ìwọ Fẹ́mi, ayálégbé wa, tí àwọn òbí rẹ rán wá kàwé láti Èkìtì, tí wọn ò mọ̀ pé yìnyín lo fẹ́ máa dà sórí. Nínú ilé yìí kẹ̀! Ẹ jókòó, gbogbo yín. Inú ń bí mi, ẹ má sì bẹ̀ mí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún mi pé inú bíbí kò da nǹkan, pé sùúrù ni baba ìwà, kó gbé sùúrù náà lọ sí gáréèjì Okokomaiko, kó lọ pín in fún àwọn tó ń jà du èrò níbẹ̀.

Omi tútù tí ẹ ń sọ yìí, inú rẹ̀ la gbé dàgbà. Kò sí òmíràn. Ta ló fẹ́ ṣẹ́gi, kó dáná, kó gbé omi kaná fún odindi agboolé láràárọ̀? Omi gbígbóná, ọmọ tuntun ló ni ín, ìyá ọmọ ló ni ín, aláìsàn ló ni ín. Ọkùnrin tára rẹ̀ le koko tó bá ní kí ìyàwó òun gbé omi kaná fún òun, àwọn obìnrin agboolé á bi í pé ọkùnrin ló bí ni àbí obìnrin. A ò fún omi tútù lórúkọ, a ò sì sọ pé a fẹ́ fi kọ́ra. Wẹ̀ la máa ń wẹ̀.

Odò wà ní Ìbà nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n gbé mi níyàwó wá síbí láti Ọ̀jọ́, gbogbo ibi tí ẹ̀yin ń pè ní ọ̀nà yunifásítì yìí, igbó ọ̀pẹ ni. Ẹ ò lè rí odò láti ilé, ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ ọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ẹ ó ti máa gbọ́ ìró igbá lórí omi, pàú, pàú, àti ohùn àwọn tó ń fi orín rin eyín, tí wọ́n ń họ ọ̀fun wọn bí ẹni tó fẹ́ yọ egungun ẹja. Àwọn ọmọdé á ké “yéè!” nígbà tí omi àkọ́kọ́ bá kàn wọ́n, àwọn ìyá wọn á sì fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn. Àwọn obìnrin wà lókè odò, àwọn ọkùnrin wà nísàlẹ̀, igbó ọparun ló pín wa níyà. Ọkùnrin tó bá máa gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa kọjá gbọ́dọ̀ wúkọ́ láti òkèèrè. Bí kò bá wúkọ́, igbá á bá a níwájú orí. Bàbá kan wà ládùúgbò tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu lóòótọ́. Gbogbo ìgbà tí bàbá yẹn bá ti wúkọ́ nínú yàrá rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin tó wà lódò á rì sínú omi dé ọrùn. A jìyà lọ́wọ́ ikọ́ bàbá yẹn, kí Ọlọ́run forí jì í.

Fẹ́mi, o fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Màámi, àwọn dókítà kan tiẹ̀ sọ pé ó dára fún ara, Mà.” Ṣé mo ní kò dára ni? Èmi tí mo jókòó síwájú yín yìí, ṣé omi gbígbóná ló gbé mi dé ibi tí mo dé? Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ rí omi, ẹ ò rí ìwẹ̀. Ẹ wo òyìnbó yín nínú fóònù yẹn, orí ló kọ́kọ́ da omi sí. Ìyá ọkọ mi ì bá ti gbá a létí. Ẹsẹ̀ la kọ́kọ́ ń fún lómi, lẹ́yìn náà orúnkún, lẹ́yìn náà ọwọ́ àti àyà, kí ara lè mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá a. Orí ló ń gbẹ̀yìn. Àwọn ìyá wa ò lọ sí yunifásítì kankan kí wọ́n tó mọ̀ pé a kì í jágbe mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń bí mi nínú. Ẹ gbé ọwọ́ yín sẹ́yìn. Ẹ gbé e! Ṣẹrifá, ìwọ náà. Ibì kan wà láàrin èjìká méjèèjì tí ọwọ́ yín ò ní dé láéláé, bó ti wù kí ẹ na ara yín tó. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run dá sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti fọ̀. Lódò wa, o ò gbọdọ̀ yan ẹni tó máa fọ ibẹ̀ fún ọ. Ẹni tí ẹ bá jọ ní gbólóhùn asọ̀ lánàá, òun ni wàá gbé kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú lé lọ́wọ́. Wàá yí ẹ̀yìn sí i, wàá tẹ̀ síwájú, omi nìkan lo máa rí. Nígbà tó bá fọ tìrẹ tán, òun náà á yí ẹ̀yìn sí ọ, ìwọ náà á fọ tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ méjèèjì. Bí ẹ̀yìn méjèèjì bá ti hó, tí ẹ bomi ṣàn án, ìjà àná ti bá odò lọ, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ mẹ́nu kàn án mọ́. Kò sí “jọ̀ọ́, má bínú.” Ẹnu lè sọ má bínú kí inú ó ṣì máa hó. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ẹ fọ ẹ̀yìn ẹni tí ẹ ń bínú sí, kí ẹ wá rí i bóyá kò ní mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa o, ẹ̀yìn ló wà.

Ẹ jẹ́ kí n rántí èyí tó máa pa yín lẹ́rìn-ín, kí inú mi má baà bẹ́. Ìyálé kan wà ní ilé kejì wa, ewúrẹ́ rẹ̀ wọ yàrá ìyàwó kékeré, ó jẹ gbogbo ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ fi ṣe gaàrí. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyálé ló kọ́kọ́ gba kànìnkànìn. Ó fọ ẹ̀yìn ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni tó ń fọ ìkòkò tó jóná. Ìyàwó kékeré ò pariwo, ó kàn di eyín. Nígbà tó kàn án láti fọ tìyálé, ó rọra bẹ̀rẹ̀, ó bu iyanrìn ìsàlẹ̀ odò mọ́ ọṣẹ. Ìgbà tí ìyálé máa fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti figbe bọnu: “Ẹ gbà mí o! Ó fẹ́ bó mi bí ẹja!” Gbogbo odò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó kékeré náà bú sẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín ó ń sunkún, ìyálé wo ojú rẹ̀, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọ̀sán, a bá wọn lábẹ́ igi àgbọn níbi tí wọ́n ti ń fi àdín pa ẹ̀yìn bíbó fún ara wọn. Láti ọjọ́ yẹn, bí o bá fẹ́ bú ọ̀kan, kí o kọ́kọ́ wò ó bóyá èkejì ò sí nítòsí.

Tó bá wá di àárọ̀ ọdún, ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Àárọ̀ Iléyá, gbogbo agboolé ló gbọ́dọ̀ wẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí Yìdí. Ìyá ọkọ mi, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin wa, kì í tètè wẹ̀ lọ́jọ́ náà. Á máa rìn káàkiri láàrin wa pẹ̀lú ìró àyà, á máa wo ẹ̀yìn wa lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ẹ̀yìn ta ló gbẹ? Ta ni kò rí ẹni fọ̀ ọ́?” Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá gbẹ, ìjà kan wà nílẹ̀ tó fi pa mọ́ nìyẹn, kò sì ní jáde nínú omi títí ọ̀rọ̀ náà á fi jáde. Iléyá kan bọ́ sí ìgbà ọyẹ́, omi tutù débi pé ó ń ta ni bí èsìsì. Ìyàwó ilé méjì kọ̀ láti fọ ẹ̀yìn ara wọn. Gbogbo wa dúró nínú omi, a ń gbọ̀n, ètè wa ti dúdú, a ń bẹ̀ wọ́n, a ń ṣépè fún wọn. Lémọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pé oòrùn ti yọ. Ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ padà pé kí Lémọ́ọ̀mù fún òun ní sáà díẹ̀, ẹ̀yìn méjì ló kù. Wọ́n dá ìrun ọdún dúró fún ẹ̀yìn méjì! Bí ẹ bá sọ fún Lémọ́ọ̀mù òde òní pé kó dúró torí ẹ̀yìn, á ní kí wọ́n gbé yín lọ síbi tí wọ́n ti ń wo orí.

Wọ́n ti fi iyanrìn dí odò náà. Wọ́n tú yanrìn lé e láàárọ̀, wọ́n tú u lálẹ́, odò ń wá ibi tó máa gbà, wọn ò fún un láyè. Ìsàlẹ̀ odò, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń wẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ mọ́tò báyìí. Mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan, mo rí géńdé méjì tí wọ́n ń fọ ẹ̀yìn jíìpù kan, wọ́n ń fi ìfófó ọṣẹ rà á lára, wọ́n ń rọra nù ún. Mo dúró, mo ń wò wọ́n, inú ń bí mi débi pé mo fẹ́ fi ọ̀pá mi fọ́ gíláàsì rẹ̀. Jíìpù rí ẹni fọ ẹ̀yìn fún un ní Ìbà, ọmọ ènìyàn ò rí.

Nígbà tí odò ń kú lọ, bàbá àgbà yín gbẹ́ kànga sí ẹ̀yìnkùlé yìí, ó fi pákó ṣe ọgbà yí i ká, ó ní agboolé òun ò ní máa wẹ̀ bí olè. Ibẹ̀ ni Gàníù àti Tájù dàgbà sí. Ahọ́n àti ẹnu ni wọ́n, wọ́n a máa jà. Wọ́n jà torí bàtà, wọ́n jà torí ẹran, wọ́n jà torí ẹni tó máa jókòó sójú fèrèsé nínú mọ́tò. Bàbá wọn kì í dá sí i. Bó bá di òwúrọ̀, á na ọwọ́ sí kànga. Wọ́n á lọ, wọ́n á fọ ẹ̀yìn ara wọn, wọ́n á jáde, wọ́n á ti máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Wọn ò dẹ́kun rẹ̀ nígbà tí wọ́n hu irùngbọ̀n. Gàníù ti ń ṣiṣẹ́ ní kánsù, Tájù ti ń tún fíríìjì àti fírísà ṣe ní ọjà Àlàbá, àwọn méjèèjì ti láya, síbẹ̀, bí wọ́n bá jà lálẹ́, kànga ni mo ti ń gbọ́ ohùn wọn láàárọ̀.

Bàbá wọn kú. Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn náà tí Gàníù fi da kọnkéré bo ẹnu kànga, ó tú ọgbà pákó ká, ó kọ́ yàrá méjì síbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Fẹ́mi, yàrá tí ò ń sùn ni mò ń sọ. Orí ẹnu kànga gan-an lo gbé bẹ́ẹ̀dì ẹ sí. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Tájù ti Àlàbá dé nírọ̀lẹ́, ó bá kọnkéré tútù.

“Bùọ̀dá, ẹ ò wá lè bi mí ni?”

“Èmi ni àgbà. Kí ni mo fẹ́ bi ẹ́ fún?”

“Kànga Bàbá ni o, Bùọ̀dá!”

“Kànga ti ayé ìgbà wo? Omi ẹ̀rọ wà, ṣáwà wà lókè, ṣáwà wà nísàlẹ̀. Tájù, ta ló ń fa omi mọ́? Ọ̀làjú ti dé, àbúrò mi.”

Bó ṣe parí nìyẹn. Gàníù ń gbé lókè, Tájù ń gbé nísàlẹ̀, wọn ò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀yin ọmọ ni wọ́n ń rán. “Lọ sọ fún bàbá ẹ kó pa ẹ̀rọ omi.” “Lọ sọ fún Bùọ̀dá àgbà pé mo ti pa á.” Mo pe ẹbí. Mo pe Lémọ́ọ̀mù. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ níwájú àlejò, wọ́n ní ó ti tán, wọ́n dé ilé, kálukú ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Mo sọ ọ́ títí ẹnu fi bó mi. Ibi tí mo lè tì wọ́n lọ kí wọ́n lọ fọ ìjà náà kò sí mọ́. Balùwẹ̀ oníwẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, táìlì nílẹ̀, táìlì lára ògiri, kọ́kọ́rọ́ nínú.

Ibẹ̀ la wà tí dókítà fi sọ fún Gàníù pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n fún un lóògùn. Ó lò ó díẹ̀, ó wá rí òyìnbó yín nínú fóònù. Láti ọjọ́ yẹn, omi tútù láràárọ̀! Omi táńkì dúdú tó wà lórí wa yìí, oòrùn ti sè é lánàá, kì í tutù tó bó ṣe ń fẹ́. Ó wá ń rán ni lọ ra yìnyín ní Okokomaiko lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á fún àwọn ọlọ́tí. Fírísà rẹ̀ ti bàjẹ́. Àbúrò rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ fírísà jù ní gbogbo Àlàbá ń gbé lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kọ̀, kò bá a sọ ọ́. Á da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi yìnyín sórí lẹ́ẹ̀kan, á wá ṣí ṣáwà lé e. Lọ́jọ́ kan ó sọ̀kalẹ̀ wá bá mi, ara rẹ̀ ń dán.

“Màámi, ẹ wò mí o. Ṣé ẹ rí i bí ara mi ṣe fúyẹ́?”

“Gàníù, ta ló ń fọ ẹ̀yìn fún ọ?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gòkè lọ, ó mú igi gígùn kan tó ní irun lórí wá. “Búrọ́ọ̀ṣì rèé, Màámi. Kò síbi tí kì í dé. Mi ò nílò ẹnikẹ́ni.”

“O sì ń da omi sórí lákọ̀ọ́kọ́?”

“Ibẹ̀ gan-an ni pawà ẹ̀ wà, Màámi.”

“Oògùn ẹ ńkọ́?”

“Ẹ fi oògùn sílẹ̀ jàre. Omi yìí ju oògùn lọ.”

Mo ní kó gbé búrọ́ọ̀ṣì yẹn kúrò lójú mi. Mo ní ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é, ọ̀tá ẹbí ni. Ó ń rẹ́rìn-ín lọ sókè. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Mo sọ fún un, mo sọ ọ́ láàárọ̀, mo sọ ọ́ lálẹ́, ó dà bí ẹni pé mò ń fi ẹ̀dùn lu omi.

Ṣẹrifá, gbójú sókè. Wọ́n sọ fún ọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé bàbá ẹ ṣubú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Núrù, bàbá ẹ ò lè sọ ìyókù fún ọ, ojú ń tì í. Èmi náà ì bá má sọ ọ́, ká ní kì í ṣe balùwẹ̀ yẹn gan-an lẹ fẹ́ máa wọ̀, kí ẹ máa tilẹ̀kùn mọ́ra. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ìwọ Ṣẹrifá wà níléèwé, ìyá ẹ ti jáde lọ kó ọjà ní Ìjánikin. Èmi wà ní yàrá mi lẹ́yìn, etí mi kì í gbọ́ ohun tó bá jìnnà mọ́. Tájù ń wọṣọ láti lọ sí Àlàbá. Páìpù tó ń gbé omi ìdọ̀tí òkè sọ̀kalẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi, lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, tó gbórí sílẹ̀ bí ọmọ tó fọ́ àwo.

“Màámi, mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ṣubú. Mo ní bóyá bọ́kẹ́ẹ̀tì ni.”

“Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni o gbọ́?”

“Rárá, Mà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì.”

“Kí lo wá ń dúró dè, Tájù?”

“Mo dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo dúró níbẹ̀. Mo ní tí mo bá gòkè, tí kò bá sí nǹkan kan, wọ́n á ní èmi ni mo kọ́kọ́ wá bá àwọn.”

Ẹ gbọ́ o. Ẹ gbọ́ ohun tó dá ọmọ mi dúró sẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nílẹ̀. Ta ló máa kọ́kọ́ wá! Ó padà wọ yàrá. Ó ń gbọ́ omi nínú páìpù, omi ń lọ, omi ń lọ. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì ń lọ, ó ń wẹ̀ ni. Títí omi fi dákẹ́. Ó tẹ́tí sí ìró ẹsẹ̀ lókè, kò gbọ́ ẹsẹ̀ kankan. Ìgbà náà ló wá yé e pé Gàníù kọ́ ló pa omi. Táńkì ló gbẹ. Ó wá sáré. Ó lu ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ wà nínú. Ó sọ̀kalẹ̀ wá mú irin nínú báàgì iṣẹ́ rẹ̀, ó já a. Gàníù wà lórí táìlì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, yìnyín ti yọ́ tán yí i ká.

Dókítà ní wọn ì bá rí nǹkan ṣe sí i ká ní wọ́n tètè gbé e dé. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òjò. Mo dìde lórí bẹ́ǹṣì, mo na Tájù. Bẹ́ẹ̀ ni, Núrù, mo na bàbá ẹ níwájú àwọn nọ́ọ̀sì, bó ṣe tóbi tó yẹn. Mo sì fẹ́ wọlé lọ na Gàníù náà, ẹnu rẹ̀ tó wọ́ ló dá mi dúró.

Ẹ má sọ fún mi pé òtútù kì í gbé ènìyàn lódò wa. Ó ń gbé wọn. Mo rí obìnrin kan nígbà ọyẹ́ tí omi gbá mú, ojú rẹ̀ yí, ara rẹ̀ le gan-an bí igi. Kò dé ilẹ̀. Ẹni tó ń fọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbá a mọ́ra, ó ké sí wa, a gbé e jáde, a fi aṣọ gbígbẹ wé e, ó yè. Ṣé ẹ mọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀? Ẹni tí wọ́n jọ jà lọ́jọ́ tó ṣáájú ni. Òun náà ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin wá kó omi tútù lódò wa, ẹ fi ẹni tó wà lẹ́yìn sílẹ̀, ẹ gbé ilẹ̀kùn sí i, ẹ ní ẹ ti rí àṣà. Mo bínú sí Gàníù, mo bínú sí Tájù, mo bínú sí ẹni tó da iyanrìn sódò, mo sì ń bínú sí kọ́kọ́rọ́. Bí mo bá kú, kí ẹ má sọ pé màmá lọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Irọ́ lẹ ó máa pa.

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Gàníù dé láti ọsibítù, èmi ni mò ń gbé omi kaná. Tájù ń gòkè lọ láràárọ̀, á gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pọ̀n sọ̀kalẹ̀, á gbé e ka orí àga ní ẹ̀yìnkùlé, á wẹ̀ ẹ́ láti ẹsẹ̀ títí dé orí. Ó ń fọ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń fọ ẹyin. Gàníù ò lè sọ̀rọ̀ tó yéni, kì í sì í wò ó lójú. Àwọn ará ilé ń yìn ín, wọ́n ní ọmọ ìyá rere. Èmi ò yìn ín. Ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni mo ń rí tó ń hó. Ẹ̀yìn Tájù gbẹ, ìjà náà sì wà níbẹ̀ síbẹ̀, wọ́n jọ ń gbé e gòkè ni, wọ́n jọ ń gbé e sọ̀.

Láàárọ̀ òní, ẹ̀yin ṣì ń sùn. Tájù ti wẹ̀ ẹ́ tán, ó fẹ́ fi aṣọ nù ún, Gàníù ti aṣọ náà kúrò. Ó ń pariwo nínú ọ̀fun.

“Bùọ̀dá, kí lẹ fẹ́? Ṣé omi ti gbóná jù ni?”

Gàníù mi orí. Ó na ìka sí ẹ̀wù Tájù, ó ń na ìka sí i ṣáá. Ó pẹ́ kó tó yé Tájù. Nígbà tó yé e, ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó yí ẹ̀yìn pa dà, ó kúnlẹ̀ síwájú àga, ó tẹ̀ síwájú. Gàníù na ọwọ́ gba kànìnkànìn. Ọwọ́ òsì ni. Ẹ mọ̀ mí, ọmọ tó bá fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà nínú ilé yìí, mo máa ń gbá a lọ́wọ́ ni, ọwọ́ ọ̀tún la sì fi ń fọ ẹ̀yìn ọmọ ènìyàn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan, kò mira. Ọwọ́ òsì yẹn ń gbọ̀n lọ, ó ń gbọ̀n bọ̀ lẹ́yìn àbúrò rẹ̀, ọṣẹ ń já bọ́, èjìká Tájù ń mì. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ figbe ta. Mo bu omi sí i fún wọn.